Àwo Àkọ́kọ́ Olórin Tí Kò Lówó: Ọ̀rọ̀ lórí Dadakúàdà Ìlọrin

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìde, ó ní òun kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a máa ka àwo orin dadakúàdà mọ́ lítíréṣọ̀. Ó ní bí ènìyàn bá gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ àwọn olówó ni yóò gbọ́, àti ti àwọn ìyàwó wọn, àti ti àwọn ọmọ wọn. Pé agbe ni olórin ń ṣe, àti pé ohun tí a bá fi ń ṣagbe kò lè jẹ́ ewì. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. N kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè, àti nítorí pé èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí, nígbà tí mo wà ní òkè òkun tí mo ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, tí mo sì gbà pé ewì tí ó dára ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Mo jẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà ní gbèsè èsì. Òun ni mo fẹ́ san níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí owó ti ń wá. Olórin tí ó bá fẹ́ ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin lónìí, tí kò sì ní ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san owó sítúdíò. Òun ni yóò san owó ọkọ̀ àwọn onílù, tí yóò bọ́ wọn, tí yóò san owó ẹni tí yóò tún ohùn náà ṣe, àti ti ẹni tí yóò ya àwòrán ara àwo. Kò sí báńkì tí yóò yá a lówó lórí ohùn ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dọ̀ wa wá bá mi ní ilé nígbà tí ó ń ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́, orúkọ mẹ́tàdínlógún ni ó wà níbẹ̀, iye owó sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí mo bá san iye kan, orúkọ mi yóò wà nínú orin kẹta. Bí mo bá san ìlọ́po rẹ̀, òun yóò fi orúkọ bàbá mi kún un. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bi í pé, ‘Ǹjẹ́ o mọ orúkọ bàbá mi?’ Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, ‘Ẹ má bínú sà, ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́ fún mi.’ Mo fún un ní owó díẹ̀, mo sì ní kí ó má fi orúkọ mi síbẹ̀.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá gbọ́ ìtàn yìí, yóò ní ẹjọ́ òun ti parí. Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: nígbà tí kò sí ìwé pélébé, tí ó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ni ó ń san gbogbo owó, ǹjẹ́ àwọn olórin wa fi oríkì àwọn ọlọ́lá sílẹ̀ bí?

Wọn kò fi í sílẹ̀. Láti ọdún 1922 tí ilé iṣẹ́ Zonophone ti gba ohùn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń náwó lé orin Yorùbá lórí, èrè rẹ̀ sì ń bọ́ sí àpò wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1948, ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí His Master's Voice gba àwo àkọ́kọ́ Hárúnà Ìṣọ̀lá sílẹ̀. Oríkì ọba kan ni ó kọ sínú rẹ̀, ìyẹn Adéboyè, Ọ̀rìmọ̀lúṣì Ìjẹ̀bú-Igbó. Olórin àpàlà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ni Hárúnà nígbà náà. Ilé iṣẹ́ ti gbé ẹrù owó kúrò lórí rẹ̀, síbẹ̀ ọlọ́lá kan ni ó kì. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àìlówó olórin ni ó bí oríkì sínú àwo. Oríkì ti wà kí àwo tó dé, òun náà sì ni olórin gbé lọ́wọ́ wọ iwájú ẹ̀rọ, nítorí pé òun ni iṣẹ́ tí ó mọ̀.

Àwo náà kò tà. Ohun tí ó yẹ kí olùfọ̀ràn-yẹ̀wò fi sọ́kàn nìyẹn, nítorí pé àwo ìgbà náà, tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Àpàlà tí ènìyàn lè fi gbogbo òru ṣe ní òde ìnáwó ni wọ́n ní kí Hárúnà ká mọ́ inú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí kò mọ Adéboyè, tí kò sì gbé Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ni yóò fi oríkì bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọdún méje kọjá. Ọba wàjà, ní ọdún 1955 Hárúnà sì tún orin náà gbà sílẹ̀. Ó tà gan-an lọ́tẹ̀ yìí, láti ìgbà náà sì ni orúkọ Hárúnà ti kan.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí, mo sì gbà pé ó ju ọ̀ràn ọjà lọ. Ní ọdún 1948, ẹni tí a ń kì wà láyé, ó lè gbọ́, ó lè na owó. Ẹni tí ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè sọ pé, ‘Ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjì ni èyí.’ Ní ọdún 1955, ẹni tí a ń kì ti lọ. Oríkì kan náà wá di ìdárò, ẹnikẹ́ni tí ọba rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ ti kú sì lè wọ inú rẹ̀ jókòó. Ǹjẹ́ ohun tí ó jẹ́ agbe ní ọdún 1948 lè di ewì ní ọdún 1955, nígbà tí olórin àti ẹni tí ó kọrin fún kò yí padà? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ agbe kọ́ ni ó yẹ kí a máa fi wọn orin wò.

Ní ọdún 1969, Hárúnà àti I. K. Dáíró dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní STAR. Ní ọdún 1974, Sunny Adé pẹ̀lú kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ti ń gbé orin rẹ̀ jáde lẹ́yìn ẹjọ́, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí wọn bí ẹni pé àpẹẹrẹ ni wọ́n jẹ́ fún ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe àwo àkọ́kọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti lókìkí kí wọ́n tó kúrò lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì jáde kò ní ohun tí yóò fi jà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìlọrin. Dadakúàdà kì í ṣe orin tí ó fi ìlù púpọ̀ yangàn. Gángan, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó fún un. Ẹnì kan ni yóò máa lé, àwọn elégbè yóò sì máa gbè é. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí nípa rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah pàápàá, so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ ewì àwọn eléégún láyé àtijọ́, kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó gba ìlú kan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fetí sí i dáadáa yóò gbọ́ pé àwàdà rẹ̀, èébú rẹ̀, àti bí ó ti ń ti inú ìtàn bọ́ sínú òwe, jọ ti ẹni tí ó ti fìgbà kan ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí ó bá wù ú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ yẹn ni ó gbé wọ inú àwo.

Nínú àwọn tí ó gbé dadakúàdà kúrò ní Ìlọrin lọ sí etí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, Odòlayé Àrẹ̀mú, tí ó kú ní ọdún 1997, ni mo kà sí àgbà. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dárúkọ Jáigbadé Àlàó tàbí Ọmọékeé Àmàó, n kò sì ní bá wọn jà. Ilé iṣẹ́ Ọlátúbọ̀sún gbé ọ̀pọ̀ àwo Odòlayé jáde. Ó kọrin nípa Adégòkè Adélabú, ẹni tí jàm̀bá ọkọ̀ pa ní ọdún 1958, àti nípa S. L. Akíntọ́lá, ẹni tí àwọn ṣọ́jà pa ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Ẹ rántí pé abẹ́ Ìjọba Àríwá ni Ìlọrin wà títí di ọdún 1967. Ọmọ ìlú tí ó wà ní abẹ́ ìjọba mìíràn ni ó ń kọrin bẹ́ẹ̀ nípa àwọn òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ará Ìbàdàn sì ń ra àwo rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa fetí sí nínú àwọn àwo wọ̀nyí ni bí Odòlayé ti ń ṣe orúkọ. Ohùn rẹ̀ kì í kánjú. Nígbà mìíràn a ó rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń sọ. Bí ó bá pe orúkọ ẹnì kan, kì í fi í sílẹ̀ kí ó sáré lọ bá òmíràn. Yóò ti ibẹ̀ yà sínú ìtàn, yóò pa òwe, yóò bú ọ̀tá ẹni náà, yóò ṣe ẹ̀fẹ̀ díẹ̀, àwọn elégbè yóò sì ti gbàgbé pé orúkọ kan wà nílẹ̀. Ìgbà náà ni yóò padà pè é. Nígbà tí ó bá pè é lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ náà ti wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwo gbọọrọ, tí ojú rẹ̀ kan lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ni ó fún un ní àyè láti ṣe èyí. Kò bá má ṣeé ṣe nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta ti ọdún 1948.

Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ní fún ohun tí a ń sọ yìí, a kò sì gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. A máa ń pe orúkọ ènìyàn. A sì máa ń kì í. Ẹnikẹ́ni ni ó lè pe orúkọ, ọlọ́pàá pàápàá a máa pè é ní ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kì ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ oríkì rẹ̀, kí ó mọ orílẹ̀ rẹ̀, kí ó mọ iṣẹ́ tí ilé wọn ń ṣe, kí ó mọ ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí kí a tó bí i. Ní Ìlọrin iṣẹ́ yìí le ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé ìlú náà kò ti ojú ọ̀nà kan wá. Yorùbá wà ní Ìdí-Àpè, Haúsá wà ní Gàm̀bàrí, Fúlàní wà ní Gàá, àwọn mùsùlùmí Yorùbá ti tẹ Òkè-Sùnnà dó ní àkókò Àfọ̀njá; Nupé àti Kànúrí pẹ̀lú sì ní agboolé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kì àwọn ará Ìlọrin gbọ́dọ̀ jẹ́ òpìtàn ká tó wá sọ pé ó jẹ́ olórin.

Ibi tí ìwé pélébé ọ̀rẹ́ mi ti ṣe àléébù wà níhìn-ín, kì í ṣe nínú owó tí ó wà lórí rẹ̀. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ni, ó sì mọ̀ nípa bí ènìyàn mẹ́rin péré nínú wọn. Nígbà tí àwo náà jáde, mo gbọ́ ọ tán. Orin mẹ́jọ ni. Nínú méje àkọ́kọ́, ó ń pe orúkọ bí olùkọ́ tí ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì ní òwúrọ̀, àfi kí wọ́n máa dáhùn pé, ‘Mo wà.’ Oyè wọn wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀, orúkọ àdúgbò wọn wà níbẹ̀, ẹni náà gan-an ni kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dìde ní ìpàdé ìbá gbọ́ orin méje yìí, inú rẹ̀ ìbá dùn.

Ìlù rẹ̀ kò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sítúdíò oníyàrá méjì kan ní Tanke ni ó ti ṣe wọ́n, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù. Nítorí àtidín ìnáwó kù, kò pe onílù. Ẹ̀rọ ni ó lu ìlù. Kò pe elégbè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbe ara rẹ̀, tí ó kọ ègbè náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n fi tò ó léra. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọrin mọ ohun tí ó sọnù níbẹ̀. Elégbè dadakúàdà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹlẹ́rìí ni. Nígbà tí olórin bá sọ pé ọkùnrin kan ṣe bákan, tí àwọn elégbè gbà á, ìlú ti gbà á nìyẹn. Ẹni tí ó gbe ara rẹ̀ ń jẹ́rìí ara rẹ̀ ni. Gángan náà kì í kàn ń lu ìlà ìgbésẹ̀ fún oníjó. Ó ń gbọ́ ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí olórin sọ, ó sì lè tún un sọ, ó lè fi òwe mìíràn kún un, ó tilẹ̀ lè fi olórin ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rọ tí ń lu ohun kan náà ní àlùtúnlù kò mọ̀ bóyá wọ́n ń kì ọba tàbí wọ́n ń polówó ọṣẹ.

Orin kẹjọ yàtọ̀. Owó ti tán nígbà tí ó kàn án. Ó kó onílù mẹ́ta àti elégbè mẹ́rin, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, lọ sí agboolé ìyá rẹ̀ àgbà ní Pàkátà, wọ́n gbé máìkì méjì kalẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìdúró. A gbọ́ ọ̀kadà kan tí ó kọjá. A gbọ́ ewúrẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn onílù ṣìnà lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó sì pẹ́ kí ó tó rí ọ̀nà padà. Orin náà gùn jù ní ìparí, ó ti rẹ àwọn elégbè. Síbẹ̀ òun nìkan ni mo tún ń gbọ́. Orúkọ mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, méjì nínú wọn sì ti inú ìwé pélébé wá, wọ́n sanwó. Alápatà kan ní ọjà Ìpàtà ni ọ̀kan nínú wọn. Aládùúgbò ni, olórin mọ bàbá rẹ̀, ó mọ ọ̀bẹ tí bàbá náà fi sílẹ̀ fún ọmọ, ó sì mọ ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kì í láti ẹnu ọ̀bẹ dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé alápatà náà san owó, kí ni èyí fi bà á jẹ́?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé mo ń gbóríyìn fún ìṣẹ́ ti ṣì mí gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1982, Bruce Springsteen, tí ó ti di olówó nígbà náà, jókòó sínú ilé rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré gba orin sílẹ̀ ní òun nìkan. Lẹ́yìn èyí ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí sítúdíò láti tún wọn ṣe, ṣùgbọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì ni ó gbé jáde nígbẹ̀yìn, ó sì pe àwo náà ní Nebraska. Àwọn ojúgbà mi ní òkè òkun fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní méjèèjì ni ó lè yan ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kò yan Pàkátà, owó ni ó lé e lọ síbẹ̀, ojú sì ń tì í tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi orin náà sí ìparí àwo, níbi tí ó rò pé ẹnikẹ́ni kò ní dé.

Mo bi í pé èwo ni ó ná an lówó jù. Ó ṣírò rẹ̀ níwájú mi. Wákàtí wákàtí ni sítúdíò ń gba owó. Títò ohùn léra, àti títún un tò, gba ọjọ́ púpọ̀. Ìrẹsì, ẹran àti owó ọkọ̀ àwọn ènìyàn méje tí ó kó lọ sí Pàkátà kò tó ohun tí ó san fún orin kan ṣoṣo ní Tanke. Kò mọ èyí tẹ́lẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé ẹ̀rọ ni ó dínwó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí ó kan àwa olùkọ́. A ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìjálá, ẹ̀sà àti rárà láti inú ìwé tí a ti tẹ̀, níbi tí orúkọ ẹni tí a kì ti di orúkọ lásán, tí a kò sì bèèrè mọ́ bóyá ó na owó. Ó na owó. Baba ọlọ́dẹ tí ó sun ìjálá gba ẹran àti ẹmu, onírárà sì gba owó ní ẹnu ọ̀nà àfin. Bí a bá fẹ́ lé dadakúàdà jáde nítorí owó, ìwé mélòó ni yóò kù lórí pẹpẹ wa? Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni bí a ti ń mọ̀ ibi tí a ti kì ènìyàn àti ibi tí a kàn ti pè é, èyí kò sì ṣeé mọ̀ láìgbọ́ àwo náà tán, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì lọ bi àwọn ará agboolé.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tún wá. Ó fẹ́ ṣe àwo kejì. Ó mú ìwé pélébé lọ́wọ́, iye owó ṣì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ mi sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́fà péré ni gbogbo wọn, kí ó sì tó mẹ́nu kan owó, ó bi mí pé orílẹ̀ wo ni bàbá mi ti wá, kí sì ni ìyá bàbá mi máa ń pè é ní àárọ̀. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ó dìde láti máa lọ, ó ṣẹ́ ìwé náà ní méjì, ó sì fi í sí abẹ́ ife omi tí ó wà lórí tábìlì mi. N kò tíì sanwó.